Àpò Tó Ń Jábọ́ Lọ́nà

Ó ṣeé ṣe kí ẹ ti fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù rí, kí owó kúrò nínú àkáǹtì yín, kí ó má sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ fi ránṣẹ́ sí. Ẹ pe ilé ìfowópamọ́, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n béèrè lọ́wọ́ yín ni session ID. Ẹ padà sórí rìsíìtì, ẹ rí nọ́ńbà gbọọrọ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó nọ́ńbà fóònù mẹ́ta. Nọ́ńbà ìrìnnà ni a ó máa pè é níhìn-ín, nítorí ìrìnnà owó kan ṣoṣo ló wà fún, kò tún ní ṣiṣẹ́ fún òmíràn láéláé.

Wọn ò kàn ṣàdédé kọ nọ́ńbà yẹn síbẹ̀. Ètò ìfowóránṣẹ́ kíákíá tí wọ́n ń pè ní NIP ló bí i, èyí tí ilé iṣẹ́ NIBSS gbé kalẹ̀ lọ́dún 2011 láti so àwọn ilé ìfowópamọ́ Nàìjíríà pọ̀. Òǹkà 30 ló wà nínú rẹ̀. Mẹ́fà àkọ́kọ́ dúró fún ilé ìfowópamọ́ tí owó ti jáde. Méjìlá tó tẹ̀ lé e ni ọdún, oṣù, ọjọ́, wákàtí, ìṣẹ́jú àti ìṣẹ́jú àáyá tí owó gbéra. Méjìlá tó kẹ́yìn ló ya owó yìí sọ́tọ̀ lára gbogbo owó yòókù. Ẹ wo àpẹẹrẹ tí mo fọwọ́ ara mi ṣe yìí: 999999260312091547000000004821. Bí ẹ bá fo 9 mẹ́fà ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ó rí 26, 03, 12, ìyẹn ọjọ́ 12, oṣù kẹta, ọdún 2026. Lẹ́yìn náà ni 09, 15, 47: aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá ìṣẹ́jú 15, pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá 47. Odindi ìtàn wà nínú ìlà kan.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ pé ilé iṣẹ́ kékeré kan wà ní Tanke, nílùú Ìlọrin, tó ń bá àwọn ilé ìwé gba owó lọ́wọ́ òbí. Ìyá ọmọ kan san owó láti àdúgbò Òkèlele ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ilé ìwé ní àwọn ò rí i. Ìyá pe ilé iṣẹ́ náà, ó sì ka nọ́ńbà ìrìnnà rẹ̀ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà níbẹ̀. Ọmọkùnrin yìí ṣí ibi tí wọ́n ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ jọ sí. Ó bá ogún ìlà láàárín aago mẹ́sàn-án sí mẹ́sàn-án ààbọ̀, gbogbo wọn ń sọ ohun kan náà: “Isanwo wole.” Èwo ni ti ìyá? Kò sí nọ́ńbà ìrìnnà kankan lára wọn. Ó wá bọ́ sórí kọ̀ǹpútà tó kọ àkọsílẹ̀ náà gan-an, ló bá rí nọ́ńbà náà níbẹ̀, òǹkà 30 pé pérépéré. Ó wà níbẹ̀ nígbà tó gbéra, kò sì bá àwọn yòókù dé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i lójú ọ̀nà ni mo fẹ́ bá yín tú palẹ̀.

A óò bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Sáfà ni kọ̀ǹpútà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa dá àwọn kọ̀ǹpútà mìíràn lóhùn. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì lórí fóònù, sáfà kan níbì kan ló gbọ́, ló wo ohun tí ẹ béèrè, ló sì fèsì. Gbogbo ohun tó bá ṣe ló ń kọ sílẹ̀, ìlà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan: ta ló wọlé, kí ló béèrè, ṣé ó rí i gbà. Òyìnbó ń pe ìwé yìí ní log. Àkọsílẹ̀ ni ti wa. Ó jọ ìwé tí ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì máa ń ní kí àlejò kọ orúkọ sí kí ó tó wọlé.

Ẹ fojú wo ìlà kọ̀ọ̀kan nínú àkọsílẹ̀ bí aṣọ tí télọ̀ rán. Gbogbo aṣọ tó ti ṣọ́ọ̀bù yẹn jáde ló ní àpò mẹ́rin kan náà: àpò àsìkò, àpò orúkọ sáfà, àpò orúkọ ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí sáfà náà, àti àpò ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá wá ń wá ibi tí ẹ ó fi nọ́ńbà ìrìnnà sí, ẹ ó ní kí télọ̀ bá yín rán àpò mìíràn mọ́ ọn. Custom field ni àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú àpò bẹ́ẹ̀; àpò àfikún ni a ó máa pè é. Nǹkan méjì ló para pọ̀ di àpò àfikún kan: orúkọ tí wọ́n kọ sẹ́nu rẹ̀, bí “irinna” tàbí “ileewe”, àti ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀.

Kí ló dé tí a ò fi àkọsílẹ̀ sílẹ̀ lórí sáfà tó kọ ọ́? Nítorí pé ilé iṣẹ́ tó bá ní sáfà mẹ́ta ní ìwé mẹ́ta, ìyá Òkèlele ò sì mọ èyí tó dá òun lóhùn. Nítorí pé olè tó bá já wọ sáfà, àkọsílẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ pa rẹ́ kí ẹnikẹ́ni má baà mọ ibi tó gbà wọlé. Nítorí pé sáfà lè jóná. Ìdí nìyí tí gbogbo sáfà fi ń fi ẹ̀dà àkọsílẹ̀ wọn ránṣẹ́ síbì kan náà, tí à ń pè ní ibùdó àkójọ. Ìrìn àjò láàárín sáfà àti ibùdó àkójọ yìí ni àpò àfikún ti ń jábọ́.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí gáréèjì Máràbà ní Ìlọrin ká lè rí bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ẹ fẹ́ fi paálí aṣọ òfì kan ránṣẹ́ sí Èkó nípa wéébìlì. Lára paálí náà, ẹ kọ orúkọ ẹni tí yóò gbà á, ẹ kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀, ẹ sì tún kọ ọ́ pé: “Ti ìyàwó ni. Ìdì mẹ́fà. Ẹ má gbé ẹrù lé e.” Akọ̀wé gáréèjì ṣí rẹ́jísítà rẹ̀. Ìlà mẹ́ta péré ló fà síbẹ̀: orúkọ, fóònù, iye owó tí ẹ san. Ó da mẹ́ta yẹn kọ, ó ju paálí yín sínú ọ̀rá ńlá kan pẹ̀lú ti àwọn ẹlòmíràn, ó sì lẹ bébà tuntun mọ́ ọn láti inú rẹ́jísítà. Ní Èkó, bébà tuntun yẹn nìkan ni wọ́n rí kà.

Akọ̀wé yìí kì í ṣe ọ̀dájú. Ìwé rẹ̀ ni kò ní ojú ìlà fún ohun tí ẹ kọ. Ó sì lè jẹ́ ẹni tó láàánú, kó rò ó pé kí ọ̀rọ̀ yín má ṣòfò, kó wá fún gbogbo rẹ̀ mọ́ ojú ìlà orúkọ: “Alhaja Ti Ìyàwó Ìdì Mẹ́fà Má Gbé Ẹrù Lé E.” Ọ̀rọ̀ dé Èkó lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ń wá gbogbo ẹrù tó jẹ́ ti ìyàwó nínú ìwé wọn kò ní rí i, nítorí orúkọ èèyàn ni wọ́n pè é.

Bákan náà, ohun mẹ́ta ló lè ṣẹlẹ̀ sí àpò àfikún. Ó lè jábọ́ pátápátá. Wọ́n lè fún un mọ́ inú àpò ọ̀rọ̀, kí ó di gbólóhùn lásán. Ó sì lè dé bí ó ṣe gbéra, pẹ̀lú orúkọ lẹ́nu àti ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, èyí tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí jù ni ẹlẹ́ẹ̀kejì. Àpò tó jábọ́, ẹ ó tètè mọ̀. Èyí tí wọ́n fún mọ́ inú ọ̀rọ̀ máa ń hàn lójú bíi pé nǹkan ò bà jẹ́, títí di ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ka iye owó tó wọlé fún ilé ìwé kan, tí ibùdó àkójọ á sọ pé òun ò mọ ohun tó ń jẹ́ ilé ìwé.

Rẹ́jísítà tí ọ̀pọ̀ sáfà ń lò títí dòní ni syslog. Eric Allman ló kọ ọ́ ní Yunifásítì California tó wà ní Berkeley, ní àwọn ọdún 1980, fún Sendmail, ètò ìfìwéránṣẹ́ tó ń ṣe nígbà náà. Ohun tó ṣe fún iṣẹ́ ara rẹ̀ ni gbogbo ayé tẹ́wọ́ gbà, oníkálukú sì ń lò ó bó ṣe wù ú. Ọdún 2001 ni wọ́n tó kó ìṣe yẹn jọ sínú ìwé kan tó ń jẹ́ RFC 3164, ìwé yẹn sì kàn ṣàpèjúwe ohun tí àwọn èèyàn ti ń ṣe ni. Báyìí ni ìlà kan ṣe rí nínú aṣọ àtijọ́ yìí:

<134>Mar 12 09:15:47 tanke1 owo-ileewe: Isanwo wole

Nọ́ńbà tó wà níwájú ń sọ irú ètò tó kọ ọ́ àti bí ọ̀rọ̀ náà ti le tó. 134 túmọ̀ sí ìròyìn lásán láti ọ̀dọ̀ ètò tí onílé fúnra rẹ̀ fi síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àsìkò, orúkọ sáfà, orúkọ ètò, ọ̀rọ̀. Ó tán. Kò sí ọdún níbẹ̀. Kò sí ohun tó sọ bóyá aago Nàìjíríà ni tàbí aago Lọ́ńdọ̀nù. Àpò àfikún ò tilẹ̀ ní ibi tí wọ́n máa rán an mọ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2009 ni aṣọ tuntun jáde, RFC 5424. Rainer Gerhards ló kọ ọ́, ará Jámánì tó tún ṣe rsyslog, akọ̀wé gáréèjì tó wà lórí ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà Linux. Ọdún wà nínú aṣọ yìí, ìyàtọ̀ aago wà níbẹ̀, ó sì ní ibi pàtó tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún àpò àfikún, láàárín àkámọ́ onígun:

<134>1 2026-03-12T09:15:47+01:00 tanke1 owo-ileewe 2210 ISANWO [sanwo@32473 irinna="999999260312091547000000004821" ileewe="017"] Isanwo wole

Ẹ wo bí nọ́ńbà ìrìnnà ṣe jókòó sí àyè tirẹ̀, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì @ ni ti onílé: àjọ IANA máa ń pín nọ́ńbà fún ilé iṣẹ́ tó bá béèrè, kí “sanwo” tèmi má baà kọlu “sanwo” tiyín. Àpẹẹrẹ inú ìwé ni wọ́n fi 32473 sílẹ̀ fún, ìdí nìyẹn tí mo fi lò ó. Tiyín ni kí ẹ gbà.

Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú, ẹ jọ̀wọ́ ẹ dúró síbẹ̀ díẹ̀. Pé rsyslog mọ aṣọ tuntun kò ní kó máa wọ̀ ọ́. Bí ẹ ò bá sọ fún un, aṣọ tó jọ ti àtijọ́ ló máa wọ̀ fún àkọsílẹ̀ kó tó fi ránṣẹ́. Nínú ìtò rẹ̀, ìyẹn fáìlì tí ẹ fi ń sọ fún un bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ àwòṣe tí ó máa lò, èyí tó ń jẹ́ RSYSLOG_SyslogProtocol23Format. Ètò yín lè kọ ohun gbogbo bó ṣe yẹ, ibùdó àkójọ lè mọ aṣọ tuntun dáadáa, kí akọ̀wé tó wà láàárín sì bọ́ àpò sílẹ̀ ní wọ́ọ́rọ́ láìkọ ẹ̀sùn kankan síbì kan.

Lórí àwọn sáfà Linux òde òní, akọ̀wé mìíràn tún wà ṣáájú rsyslog, journald lorúkọ rẹ̀. Akọ̀wé dáadáa ni. Ọ̀pọ̀ àpò àfikún ni ẹ lè kó fún un, yóò sì tọ́jú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí orúkọ wọn bá ṣáà ti jẹ́ lẹ́tà ńlá. Bí ẹ bá tẹ journalctl -o verbose, gbogbo wọn á tò sílẹ̀ níwájú yín. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí journald bá fẹ́ gbé àkọsílẹ̀ fún rsyslog. Ẹnu ọ̀nà méjì ló wà láàárín wọn. Èyí tó ti pẹ́, tó ń jẹ́ imuxsock, ọ̀rọ̀ nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá. Gbogbo àpò tí ẹ rán ló ń ṣẹ́kù sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èyí tó jẹ́ tuntun, imjournal, ń gba gbogbo àpò wọlé. Síbẹ̀ náà, wíwọlé kì í ṣe jíjáde. Àwòṣe tí rsyslog fi ń ránṣẹ́ ni yóò pinnu èyí tí yóò kúrò nínú ilé.

Ọ̀nà tí èmi fẹ́ràn jù, tí mo sì ń gba àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké níyànjú láti lò, ni kí ètò náà fúnra rẹ̀ di gbogbo àpò sínú ẹrù kan láti ilé. JSON ni orúkọ irú ìdì bẹ́ẹ̀: orúkọ àti ohun inú rẹ̀ ní méjì-méjì, nínú àkámọ́, báyìí: {"oro":"Isanwo wole","irinna":"999999260312091547000000004821","ileewe":"017"}. Ẹ gbé gbogbo ìdì yìí sínú àpò ọ̀rọ̀ kó máa lọ. Bó ti wù kí akọ̀wé ojú ọ̀nà ya púrúǹtù tó, kò ní ju àpò ọ̀rọ̀ sọnù, nítorí òun ni ẹrù gan-an. Kò níláti mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ kó tó gbé e. Ó dà bí ìgbà tí ẹ bá kọ “Ti ìyàwó ni” sórí bébà tí ẹ sì fi í sínú paálí kí ẹ tó lẹ̀ ẹ́ pa, dípò kí ẹ kọ ọ́ sí ara rẹ̀ níta.

Àmọ́ ẹrù tí a dì níláti ní ẹni tí yóò tú u. Bí ibùdó àkójọ kò bá mọ̀ pé JSON ló wà nínú àpò ọ̀rọ̀, yóò tọ́jú gbogbo àkámọ́ yẹn bíi gbólóhùn gígùn kan, a ó sì padà sí ibi tí wọ́n ti fún ọ̀rọ̀ mọ́ ojú ìlà orúkọ. Nínú rsyslog, mmjsonparse ló ń tú u, ó sì máa ń wá àmì @cee: níwájú ìdì kó tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ ò bá kọ àmì yẹn síbẹ̀, tí ẹ ò sì sọ fún un pé kó má wá a, á kàn wo ìdì náà, á sì jẹ́ kó máa lọ.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ló kàn. Nínú JSON, ohun tó bá wà láàárín àmì àyọlò jẹ́ ọ̀rọ̀. Èyí tí kò ní àmì àyọlò jẹ́ iye tí a lè rò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ètò tó ń ka iye kò lè di èyí tó bá kọjá 9,007,199,254,740,992 mú láìyẹ̀, òǹkà 16 péré sì nìyẹn. Nọ́ńbà ìrìnnà jẹ́ 30. Bí ẹ bá fi sílẹ̀ láìsí àmì àyọlò, òǹkà bíi 15 tó ṣáájú ló máa kù bó ṣe wà, ìyókù á di ohun tí kọ̀ǹpútà fojú bù. Ẹ rántí pé ìparí nọ́ńbà yẹn ló ń ya owó kan sọ́tọ̀ lára òmíràn. Gbogbo owó tó ti ilé ìfowópamọ́ kan náà jáde láàárín ìṣẹ́jú kan lè wá jọ pé owó kan ṣoṣo ni. Àpò dé, orúkọ rẹ̀ wà lẹ́nu, ohun inú rẹ̀ sì ti yí padà. Kò sí ìpàdánù tó burú tó èyí lójú mi.

Irú rẹ̀ náà ni òdo ìbẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà àkáǹtì ilé ìfowópamọ́ jẹ́ òǹkà mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ló sì fi 0 bẹ̀rẹ̀. Nọ́ńbà fóònù wa gbogbo ló fi 0 bẹ̀rẹ̀ bí a bá ń pè é láàárín ilé. Bí kọ̀ǹpútà bá sọ wọ́n di iye, òdo yẹn á pòórá, nítorí lójú ìṣirò 017 àti 17 kò yàtọ̀. Ohun tí ẹ kò bá ní rò pọ̀ tàbí yọ kúrò lára nǹkan, ẹ fi àmì àyọlò sí i. Kò sẹ́ni tó ń ro nọ́ńbà fóònù méjì pọ̀.

Orúkọ ẹnu àpò náà lè dá ìjà sílẹ̀. Bí ẹ bá pe àpò yín ní “host” tàbí “time”, tí ibùdó àkójọ sì ti ní àpò tirẹ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á bo èkejì mọ́lẹ̀. Graylog, ọ̀kan nínú àwọn ibùdó àkójọ tí ọ̀pọ̀ ń lò, yanjú èyí nínú ìdì tirẹ̀ tó ń jẹ́ GELF: gbogbo àpò àfikún gbọ́dọ̀ fi ìlà ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bíi _irinna. Filebeat, agbérù ilé iṣẹ́ Elastic, máa ń kó àwọn àpò tí ẹ bá fi kún un sínú àpò ńlá kan tó ń jẹ́ fields, kí wọ́n má baà bá ti ilé jà. Nítorí náà bí ẹ bá wá “ileewe” tí ẹ ò rí i, ẹ wá fields.ileewe kí ẹ tó pariwo pé ó sọnù. Ní Elasticsearch tó máa ń gba ẹrù náà, irú ohun tó bá kọ́kọ́ wọ inú àpò ló ń sọ irú èyí tí yóò máa gbà. Bí “ileewe” àkọ́kọ́ bá jẹ́ iye, bíi 17, tí ẹlòmíràn wá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ lọ́la, bíi “GSS-3”, kò ní gba odindi ìlà náà wọlé, kì í ṣe àpò yẹn nìkan.

Gígùn náà ní òpin. Aṣọ àtijọ́ kò gbà ju báìtì 1,024 lọ fún odindi ìlà. Rsyslog òde òní ń gba bíi ìlọ́po mẹ́jọ rẹ̀ bí ẹ ò bá yí i padà. Báìtì ni ìwọ̀n tí kọ̀ǹpútà fi ń ka lẹ́tà, ọ̀rọ̀ yìí sì kan àwa Yorùbá ju ọ̀pọ̀ èèyàn lọ: lẹ́tà “a” lásán jẹ́ báìtì kan, “ẹ” jẹ́ mẹ́ta, “ẹ́” tó ní àmì ohùn lórí sì jẹ́ márùn-ún. Orúkọ tí a kọ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀ lè fẹ́ àyè ìlọ́po méjì. Mi ò ní kí ẹ torí ìyẹn gé àmì kúrò lára orúkọ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ bá wọn fẹ àyè sí i ni. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá gé JSON láàárín, àkámọ́ ìparí á lọ, ìdì náà kò ní ṣeé tú mọ́. Ìdí nìyí tó fi dára kí nọ́ńbà ìrìnnà wà níwájú, kí àlàyé gbọọrọ wà lẹ́yìn.

Ọ̀nà tí ẹrù ń gbà lọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Syslog àtijọ́ ń lo UDP, ní ẹnu ọ̀nà 514. UDP dà bí ẹni tó ju lẹ́tà sí ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń kọjá: kò sí ẹni tó máa pè yín pé ó ti dé. TCP máa ń dúró gba èsì. TLS, tó wà ní ẹnu ọ̀nà 6514 fún syslog, ń gba èsì, ó sì tún ń di ọ̀rọ̀ pa kí aláàárín má lè kà á. Èyí ni kí ẹ lò bí àkọsílẹ̀ bá ń kúrò ní Ìlọrin lọ sí Èkó tàbí òkè òkun. Ẹ sì ní kí rsyslog yín ní ìlà ìdúró lórí dísìkì, ibi tí ẹrù á wà bí ojú ọ̀nà bá dí. Iná lè lọ ní Tanke, íntánẹ́ẹ̀tì lè já fún wákàtí méjì. Bí ìlà ìdúró bá wà lórí dísìkì, àkọsílẹ̀ wákàtí méjì yẹn á gbéra nígbà tí ọ̀nà bá là. Bó bá jẹ́ inú ọpọlọ kọ̀ǹpútà nìkan ló wà, iná tó lọ ti gbé e lọ nìyẹn.

Ṣáájú kí ẹ tó máa rán àpò kiri, ẹ ronú sí ohun tí ẹ ń kó sínú wọn. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni ti Nàìjíríà, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, de ẹnikẹ́ni tó bá ń tọ́jú ìsọfúnni àwọn èèyàn, ilé iṣẹ́ kékeré ní Tanke náà sì wà lábẹ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ìrìnnà tó láti wá owó ìyá. BVN rẹ̀ kò ní ohun tó ń ṣe nínú àkọsílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà àṣírí káàdì rẹ̀. Bí àpò bá ti wá ń dé láìjábọ́, ohun tí kò yẹ kó wà nínú wọn náà á máa dé láìjábọ́, á sì dúró sí ibùdó àkójọ fún ọdún tí ẹ bá ní kó dúró.

Ó ku ìdánwò, òun sì ni ibi tí mo ti rí i pé àwọn èèyàn ń kánjú jù. Wọ́n á rí i pé ìlà ń wọlé sí ibùdó àkójọ, wọ́n á ní ó ti ṣiṣẹ́. Ìlà tó ń wọlé kò sọ fún wa pé àpò wà lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ètò yín fúnra rẹ̀ kọ ìsanwó ìdánwò kan, kó gba gbogbo ọ̀nà tí ti gidi ń gbà. Ẹ fi nọ́ńbà ìrìnnà tó ní òǹkà 30 sí i. Ẹ fi nọ́ńbà àkáǹtì tó fi 0 bẹ̀rẹ̀ sí i. Ẹ fi orúkọ Yorùbá tó ní àmì sókè àti nísàlẹ̀ sí i, bíi Ọláníkẹ̀ẹ́, kí ẹ lè mọ̀ bóyá yóò dé bí ó ṣe wà tàbí yóò di àmì ìbéèrè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ tó ní àmì àyọlò nínú sí i, nítorí òun ló máa ń já ìdì JSON tí wọn ò dì dáadáa.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀ lé e láti ibùdó kan dé èkejì. Ẹ wò ó lórí sáfà pẹ̀lú journalctl. Ẹ wò ó bí ó ṣe ń jáde láti inú rsyslog. Ẹ lè ní kó kọ ẹ̀dà kan sínú fáìlì pẹ̀lú àwòṣe kan náà tó fi ń ránṣẹ́. Ẹ wò ó ní ibùdó àkójọ. Ibi tí ẹ bá ti kọ́kọ́ rí i pé àpò kan dín, láàárín ibẹ̀ àti ibi tó ṣáájú rẹ̀ ni akọ̀wé tí ẹ ń wá wà. Ẹ tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá yí ohunkóhun padà lójú ọ̀nà, pàápàá bí wọ́n bá gbé ẹ̀yà tuntun ètò kan síbẹ̀.

Ní ìparí, ẹ lọ sí ojú ìwá nǹkan ní ibùdó àkójọ, kí ẹ má kọ nọ́ńbà náà síbẹ̀ lásán. Ẹ dárúkọ àpò: irinna, lẹ́yìn náà òǹkà 30 náà. Bí ìlà kan ṣoṣo bá jáde, tí àsìkò inú rẹ̀ sì bá ti inú nọ́ńbà náà mu, ẹ lè gbé fóònù kí ẹ pe ìyá Òkèlele padà.